Èémí Mẹ́ta Ajókòójà

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní

Ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n san ohun tí mo jẹ ọ́. O bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta nínú lẹ́tà tó kọjá, o sì ní kí n ju dáìsì lẹ́ẹ̀kan fún àbúrò rẹ. Gbà: páálí tí o fi ránṣẹ́ dé, dáìsì olójú ogún náà kò sọnù, ìwé òfin eré náà kò ya. Ìkejì, àbúrò rẹ kò fẹ́ kí o pe fóònù. Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín láti ìgbà tó ti jábọ́ lórí òrùlé, kò sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó ní lẹ́tà ni kí o máa kọ, torí ohùn lẹ́tà kì í tín-ín-rín. Ìkẹta, ìtàn tí o ní o ti gbàgbé, mo kọ ọ́ sísàlẹ̀. Dáìsì: mẹ́tàdínlógún. Ó tán, n kò jẹ ọ́ mọ́.

Wàyí o, ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé òtútù ibẹ̀ kò pọ̀ jù fún ọ? Àwa wà, a dúpẹ́, bí ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò ṣe máa ń dúpẹ́ pé kì í ṣe gbogbo yàrá.

Káfíńtà, àbúrò rẹ, ṣì wà ní ìdùbúlẹ̀. Káfíńtà náà ni gbogbo ènìyàn ṣì ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òòlù rẹ̀ ti ń dípẹtà nínú àpótí. Mo ti gbé maṣíìnì ìránṣọ mi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wá sínú yàrá rẹ̀, lẹ́bàá fèrèsé, kí n lè máa rán kọ́tìnì oníkọ́tìnì kí n sì máa wo ojú rẹ̀. Ohun tí mo ń san fún ṣọ́ọ̀bù ti di fóòmù abẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń wá, à ń yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, à ń yí i sí èkejì. Láti ọrùn sísàlẹ̀, kò sí ohun tó ń gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Orí rẹ̀ pé pérépéré, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù. Kì í bá mi sọ̀rọ̀. Bí mo bá gbé ṣíbí sí i lẹ́nu, á gba méjì, á pa ètè dé. Nọ́ọ̀sì ní kì í ṣe ọgbẹ́ ẹ̀yìn ló máa pa á, àìjẹun ni.

Ìdí nìyí tí mo fi sáré kọ̀wé. Lọ́jọ́ tí mo ka lẹ́tà rẹ sí i létí, pé o fẹ́ ṣe akọni kan fún eré orí tábìlì yín, akọni tó ń jà láìdìde, ó la ojú. Ó ní, "Màámi, ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i." Mo kà á. Ó jẹun lọ́jọ́ náà títí mo fi rí ìdí abọ́. Bí àgbàlagbà ṣe ń gba owó oṣù torí pé ó ń ṣeré kò tíì yé mi. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun ló ń la ọmọ mi lẹ́nu, èmi náà ti wà nínú ẹ̀.

Ìtàn náà nìyí, bí ìyá mi ṣe sọ ọ́ fún mi. Nígbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀, ihò kan là sáàárín ìlú, omi sì ń tú jáde níbẹ̀. Wọ́n fi òkúta dí i, omi gbé òkúta. Wọ́n fi igi dí i, omi gbé igi. Ọkùnrin kan tí kò ga, tí kò sanra, wá jókòó lé e. Omi dúró. Láti ọjọ́ náà kò lè dìde mọ́, torí bó bá dìde, ìlú parẹ́. Àwọn ọ̀tá gbọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá lọ́kọ̀ọ̀kan láti fà á tu. Kò na ọwọ́ sí wọn. Bó bá fa èémí sínú, agbára wọn á bá èémí náà wọlé. Bó bá fẹ́ ẹ síta, wọn á ṣubú. Bó bá sé e, irin kò lè wọ ara rẹ̀. Èémí mẹ́ta, kò ní ohun ìjà mìíràn. Ajókòójà ni wọ́n ń pè é.

Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un. Ìyá mi kò sọ iye tó ń ná an. Láti kékeré ni mo ti ń ránṣọ, n kò tíì rí ohun tí kì í náni ní nǹkan. Bó bá ń fi èémí jà, kí èémí náà máa ná an. Kí ojú rẹ̀ máa ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi sinmi. Akọni tí kò ní iye, ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni kì í sì í tọ́jú ohun ọ̀fẹ́.

O kò wá nígbà tó jábọ́. N kò fẹ́ tún un sọ, ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ́, n kò sì ní torí ẹ̀ ya bébà.

Èmi ni ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kìíní

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú ìrọ́jú. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún sọ pé n kò wá. Ìwé ìgbélùú mi kò tíì pé. Bí mo bá jáde, wọn kò ní jẹ́ kí n wọlé padà, iṣẹ́ yìí náà á sì bá a lọ. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ kàn fẹ́ kí n máa kọ ọ́ ni.

Eré orí tábìlì kò le. Ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà á yí tábìlì ká. Ẹnì kan á máa sọ ìtàn, àwọn tó kù ní akọni kọ̀ọ̀kan. Bí akọni rẹ bá fẹ́ ṣe ohun tó ṣòro, o máa ju dáìsì. Bí nọ́ńbà bá ga, ó ṣe é. Bó bá kéré, ó kùnà, ìtàn á sì gba ibẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ wa ló ń ṣe ìwé tí àwọn akọni ń ti inú rẹ̀ jáde. Òkè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún bàtà ṣe la wà, òòlù wọn kì í jẹ́ kí a sùn lẹ́nu iṣẹ́. Tábìlì gígùn kan ló wà níbẹ̀, bébà kún un, tíì tó ti tutù wà lórí bébà. Ọ̀gá wa, Dín-in-kù là ń pè é lẹ́yìn rẹ̀, torí ohunkóhun tí a bá gbé dé iwájú rẹ̀, "ẹ dín in kù" ló máa wí.

Ó fẹ́ràn Ajókòójà. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yín jù ú lọ. Ó ní, "Ta ló ní kí ojú rẹ̀ máa ṣókùnkùn?" Mo ní ìyá mi tó ń rán kọ́tìnì ni. Ó ní kí n bi yín bóyá ẹ ń wáṣẹ́.

Ohun méjì ló kù. Àwọn akọni yòókù máa ń rìn, wọ́n ń gun òkè, wọ́n ń wọ ihò. Báwo ni ẹni tó jókòó ṣe máa bá wọn lọ? Mo fẹ́ kí Káfíńtà bá mi rò ó. Èkejì, a gbọ́dọ̀ dán akọni wò kí a tó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Káfíńtà ló ń bá mi dán an wò. Gbogbo nọ́ńbà tí ẹ bá kọ ránṣẹ́ ni mò ń kó jọ. Bó bá ń borí jù, a ó gbà nínú agbára rẹ̀. Bó bá ń ṣubú jù, a ó fi kún un. Lẹ́yìn àárín oṣù kẹrin, ìwé ti lọ sí ilé ìtẹ̀wé nìyẹn.

Ojú-ìwé tí mo ká sínú èyí, tirẹ̀ ni. Ẹ kà á sí i létí.

Ọmọ yín.

*Káfíńtà, Oníwọ̀ ló kọ́kọ́ dé. Ó fi ìwọ̀ há ọ lábẹ́ apá, ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó fà. O rọra fa èémí sínú. Ó rí i tí ọwọ́ òun ń rọ, kò mọ ohun tó ń ṣe òun, títí orúnkún rẹ̀ fi kanlẹ̀. O borí. Ojú rẹ ṣókùnkùn díẹ̀. Alápá Irin ti ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kí lo máa ṣe?*


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kejì

Ọmọ mi,

O kú iṣẹ́, o kú ilẹ̀ onílẹ̀. Sọ fún Dín-in-kù pé n kò wáṣẹ́. Mo ní aláìsàn nílé, mo sì ní kọ́tìnì odindi ilé-ìwé kan tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ mi. Bó bá fẹ́ ọgbọ́n mi, kó wá rà á.

Ọ̀rọ̀ bí Ajókòójà ṣe máa rìn, àbúrò rẹ ti yanjú ẹ̀. Mo ń fi òwú sí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ nígbà tó sọ̀rọ̀, mo rò pé ó ń ránnú ni.

"Pákó," ló wí.

Mo ní, "Pákó kí ni?"

"Kí wọ́n máa gbé e. Pákó fífẹ̀ kan, kó ní ìdìmú ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibi tí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ sí, ibẹ̀ ni ihò omi náà máa là sí lábẹ́ rẹ̀. Kò síbi tí kò sí omi lábẹ́ ilẹ̀, Màámi."

"Ta ló máa wá gbé e?"

"Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àbí kí ni wọ́n wá ṣe nínú eré náà, wọ́n wá wòran?"

Ó ní kí wọ́n má fi ìṣó kan ìdìmú náà. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ mọ́ pákó, torí ìṣó máa ń yọ bí ìwúwo bá ti ń mì. Ọmọ mi, láti ìgbà tó ti jábọ́, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́ maṣíìnì kó máa pariwo, kí ó má baà gbọ́ bí mo ṣe ń fa ikun.

Ohun kan wà tí kò yé mi. Nígbà tí mo ka ojú-ìwé rẹ̀ dé ibi tí orúnkún Oníwọ̀ ti kanlẹ̀, mo rò pé á rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí kọ ọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ó dáa." Ó wá ń wo àjà. Ṣùgbọ́n ó jẹun.

Dáìsì ti Alápá Irin: méjìdínlógún, mẹ́rìndínlógún, mọ́kàndínlógún. Orí rẹ̀ ń bá a ṣe é nínú eré yín ju bó ṣe bá a ṣe é lórí òrùlé lọ.

Bí ẹ bá máa ya àwòrán Ajókòójà, ẹ má yà á bí ẹni tó rẹ̀. Ẹni tó jókòó yàtọ̀ sí ẹni tó rẹ̀.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹta

Ìyá mi,

Ẹ kú ọ̀rọ̀ pákó. Dín-in-kù dìde dúró nígbà tí mo kà á fún un, ẹni tí kì í dìde àfi bí iná bá kú. Ó ní a kò gbọ́dọ̀ yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú ẹ̀. A ti sọ ọ́ di òfin: bí ọ̀rẹ́ mẹ́rin bá gbé Ajókòójà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á pín nínú agbára rẹ̀ títí wọn yóò fi gbé e kalẹ̀. Ẹ sọ fún Káfíńtà. Ẹ sọ fún un pé ìṣó kò sí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kejì kò dùn. Mo kó nọ́ńbà rẹ̀ jọ, Ajókòójà kò tíì ṣubú rí. Dín-in-kù ní akọni tí kì í ṣubú, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ bá a jókòó sí tábìlì kan. Mo jiyàn. Mo ní oríire ni. Ó ní oríire kì í tò tẹ̀lé ara wọn báyìí, pé àléébù wà nínú akọni náà. Ó ní kí n mú èémí kan kúrò. Mo yọ sísé. Ó ku fífà àti fífẹ́. Ọwọ́ mi wúwo nígbà tí mò ń fi ìlà pa á rẹ́, bí ẹni pé ara ènìyàn ni mò ń gé. Bó bá tún ń borí báyìí, wọ́n á tún gbà sí i.

Tirẹ̀ wà nínú èyí. Ẹ máa gbà á níyànjú kó máa jẹun.

Ọmọ yín.

*Káfíńtà, Alápá Irin lù ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ilẹ̀ mì, ìwọ kò mì. O fẹ́ èémí síta, apá irin náà já lulẹ̀ bí ìlẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ ti jẹrà. O tún borí. Ṣùgbọ́n èémí sísé ti kúrò lára rẹ, kò sì ní padà mọ́. Afàátu ló kù, ẹni tí a kò tíì rí ohun tí kò lè fà tu. Ó ti na ọwọ́.*


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Irú ọjà wo lẹ ń tà níbẹ̀ yẹn? Akọni wọlé pẹ̀lú èémí mẹ́ta, ó jáde pẹ̀lú méjì, ta ló jẹ ìkẹta? Bí aṣọ bá fẹ̀ ju ara lọ, a máa ń kó o mọ́ra ni, a kì í gé e, torí èyí tí a bá gé kì í padà sí aṣọ. Kó o mọ́ra. Má gé e mọ́.

O kú iṣẹ́. Mi ò bínú sí ọ, ọ̀gá rẹ ni mò ń bá wí.

Dáìsì ti Afàátu: mẹ́tàdínlógún, méjìdínlógún.

Àbúrò rẹ ti padà sí gbígba ṣíbí méjì péré. Lẹ́yìn tí mo ka ojú-ìwé rẹ tán, ó bi mí bóyá Àǹtí òun máa ń sunkún bó bá ń kọ̀wé. Mo ní kí ló fa ìyẹn? Ó ní kí n máa bá ìránṣọ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mo máa gbé kọ́tìnì ilé-ìwé lọ fún wọn, nọ́ọ̀sì sì ní òun á jókòó tì í títí n ó fi dé. Ó ní ojú mi ti wọlé, pé kí n rí afẹ́fẹ́ sí ara. Kí afẹ́fẹ́ náà bá mi gbé ẹrù kọ́tìnì nìyẹn.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Àǹtí mi,

Nọ́ọ̀sì ló ń bá mi kọ èyí. Màámi ti gbé kọ́tìnì lọ. Ẹ kú iṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Orí àwo tí Màámi gbé lé mi láyà ni wọ́n máa ń ju dáìsì sí. Ọrùn mi ń yí, ojú mi kò ṣe nǹkan. Lọ́jọ́ Oníwọ̀, mẹ́ta ló bọ́. Ìwé òfin ní ó kéré tán, mọ́kànlá ni kí n jù kí n tó borí. Mo ti gbà pé mo ṣubú, mo tilẹ̀ ti ń ro ohun tí màá ṣe láti ilẹ̀. Ẹ wá kọ̀wé pé mo borí. Mo ní bóyá ẹ ṣì í kà ni. Ti Alápá Irin: mẹ́rin, méje, méjì. Ẹ tún ní mo borí, apá irin já lulẹ̀. Ti Afàátu, mi ò tíì gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tí ẹ máa kọ.

Àánú ti pọ̀ nínú ilé yìí, Àǹtí. Ẹni tó wá tún iná ṣe, bó bá dé ẹnu ọ̀nà mi, á máa yọ́ rìn bí ológbò. Àwọn tí a jọ ń kan òrùlé wá kí mi, wọn ò bú mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn tó jẹ́ pé orí ìfùn mi tí kì í yó ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ èébú. Mo rò pé ibì kan ṣì kù tí mo ti lè jà kí wọ́n sì nà mí lóòótọ́. Ẹ ti lọ tẹ́ fóòmù síbẹ̀ náà.

Bí mo bá ṣubú, ẹ jẹ́ kí n ṣubú. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ má kọ̀wé mọ́. Mi ò ní ṣeré náà mọ́, mi ò sì rí ohun tí màá tún máa torí ẹ̀ la ẹnu fún ṣíbí.

Àbúrò yín.

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì: Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó yọ gbólóhùn ìkẹyìn, ó kọ̀.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹrin

Ìyá mi,

Mi ò mọ bí màá ṣe kí yín lónìí. Ẹ kú ilé.

Káfíńtà kọ̀wé sí mi. Ó ní mẹ́ta ni dáìsì Oníwọ̀. Ẹ̀yin kọ mẹ́tàdínlógún ránṣẹ́ sí mi, bébà náà wà níwájú mi, ọwọ́ ìkọ̀wé yín ni. Ó rò pé èmi ni mò ń ṣàánú òun. Ohun tí ẹ kọ ni mò ń kà, ìyá mi. Mi ò ṣàánú ẹnikẹ́ni.

Ṣé ẹ mọ ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Nígbà tí nọ́ńbà Afàátu tí ẹ kọ dé, Dín-in-kù ní kí n yọ fífà náà. Mo yọ ọ́. Èémí kan ṣoṣo ló kù fún Ajókòójà, fífẹ́ nìkan. Ìwé ti lọ sí ilé ìtẹ̀wé kí lẹ́tà Káfíńtà tó dé, ẹnikẹ́ni kò lè yí i padà mọ́. Àná, a kó àwọn àlejò kan jọ kí wọ́n fi ṣeré. Ọwọ́ ẹni àkọ́kọ́ tó dé iwájú rẹ̀ ló kú sí. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ta ló ṣe eléyìí? Ṣé ó jókòó de ikú ni?" Mo lọ dúró sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ títí wọ́n fi lọ.

Mo fẹ́ ṣe akọni tí ẹnikẹ́ni kò lè bì ṣubú fún àbúrò mi. Òun ló wá rọrùn láti pa jù nínú gbogbo ìwé náà.

Kí ni kí n kọ sí i? Ẹ sọ fún mi, torí ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. O bú mi, o sì fi ọ̀wọ̀ bú mi, mo mọ ẹni tó kọ́ ọ.

Mi ò ní bẹ̀bẹ̀. Màá sọ bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ fún ọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mẹ́ta bọ́, àbúrò rẹ ní, "Ẹ kọ ọ́." Ṣíbí wà lọ́wọ́ mi kejì. Mo mọ̀ pé bí mo bá kọ mẹ́ta, lẹ́tà rẹ á dé, á ní ó ṣubú, èmi ni màá sì kà á sí i létí. Ọmọ tó jábọ́ lórí òrùlé, kí èmi tí mo bí i tún wá máa ka ìṣubú fún un lórí ibùsùn. Mo kọ mẹ́tàdínlógún. Nígbà tí o wá kọ̀wé pé bó bá ń borí jù ẹ ó gbà nínú agbára rẹ̀, ó yé mi. Mi ò gọ̀. Mo gbé méjèèjì wò: akọni inú bébà tó ń rù, ọmọ inú yàrá tó ń jẹun. Ṣíbí ni mo yàn. Bó bá tún di ọ̀la, mi ò mọ̀ pé màá yan òmíràn. Ohun tí mi ò ṣírò ni pé èmi ni màá purọ́, ìwọ ni yóò fura sí.

Mo ka lẹ́tà rẹ sí i létí. Gbogbo rẹ̀, títí dé orí àlejò tó rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Màámi, ẹ̀yin ni?"

Mo ní, "Èmi ni."

"Kì í ṣe Àǹtí."

"Kì í ṣe òun."

Ó ní, "Ẹ ti pa á." Mi ò bi í pé ta ni. Ó yí ojú sí ògiri. Mo padà sídìí maṣíìnì, torí mi ò mọ ibòmíràn tí mo lè lọ nínú yàrá náà. Mo rán etí kọ́tìnì kan láti òkè dé ilẹ̀ kí n tó rí i pé òwú ti tán nínú maṣíìnì. Ihò lásán ni mo lu sí aṣọ aláṣọ.

Ọjọ́ méjì ni kò la ẹnu. Nọ́ọ̀sì ní bó bá di ọ̀sẹ̀ kan, òun ò ní lè ṣèlérí nǹkan kan fún mi. Ní òwúrọ̀ òní, ó ní, "Afàátu ṣì wà níwájú mi. Ẹ da ti tẹ́lẹ̀ nù. Ẹ gbé dáìsì wá." Mo gbé àwo lé e láyà. Mo mú dáìsì lọ́wọ́. Ó ní, "Kì í ṣe ẹ̀yin." Mo ní, "Ta ni kó bá ọ jù ú?" Ó ní kí n fi sí òun lẹ́nu.

Mo fi há a láàárín ètè. Ó fi imú mí, ó mí, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ bí okùn. Ó wá fẹ́ ẹ. Mi ò mọ̀ pé èémí tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣì kù nínú rẹ̀. Dáìsì náà gbá etí àwo, ó ta jáde, ó bọ́ sílẹ̀, ó yí wọ abẹ́ maṣíìnì mi. Kò lè rí i níbi tó wà. Mo kúnlẹ̀, mo fi àyà fà wọ ibẹ̀. Méjì ni.

Mo pẹ́ lábẹ́ ibẹ̀ ju bí ènìyàn ṣe ń pẹ́ kó tó ka nọ́ńbà kan lọ. Eruku ni, àti òwú tó já, àti dáìsì. Èmi nìkan ni mo ń wò ó. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti dé orí ahọ́n mi.

Ó ní, "Màámi."

Mo ní, "Méjì."

Ó ní, "Ẹ kọ ọ́." Mo bi í bóyá ó máa jẹun. Ó ní òun á máa gba mílíìkì títí lẹ́tà rẹ yóò fi dé, kí òun lè gbọ́ bó ṣe lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ṣèlérí. Mi ò sì ná an sí i, torí mo rí i lójú rẹ̀ pé kò sí ẹ̀dínwó níbẹ̀.

Méjì ni, ọmọ mi. Kọ ohun tí méjì ń ṣe. Mo mọ̀ pé Afàátu á fà á tu, mo mọ̀ pé omi á jáde. Kọ ọ́ bí o ṣe máa kọ ọ́ fún ẹni tí o kò mọ̀ rí. Bó ṣe wà ni màá ṣe kà á, nọ́ọ̀sì á sì jókòó tì mí, á máa wo bébà bí mo ṣe ń kà, torí àbúrò rẹ kò gba ẹnu mi nìkan gbọ́ mọ́, mi ò sì lè bá a jiyàn. Mi ò mọ̀ bóyá nínú eré yín, wọ́n ṣì máa ń bi ẹni tó ti ṣubú pé kí ló máa ṣe. Bí wọ́n bá máa ń bi í, bi í. Bí wọn kì í bá bi í, má fi kún un nítorí tèmi.

Dá mi lóhùn lọ́jọ́ tí èyí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, má jẹ́ kó sùn. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń pín lẹ́tà ní àdúgbò wa. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlélógún oṣù yìí, ni mò ń retí èsì rẹ.